Ìwọ̀n Ni Í Sọ Nǹkan Di Májèlé

Àsọyé fún àwọn ará Ìlaròó, Aiyétòrò àti gbogbo ilẹ̀ Yewa, lórí bí a ti ń wá ìdí ewu tí ń bẹ nínú kẹ́míkà oko àti ti ilé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí wà nínú ìkòkò oúnjẹ wa, ó wà nínú abà oko wa, ó sì wà nínú ìgò kékeré tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbé pamọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, jẹ́ ilẹ̀ àgbẹ̀ àti ilẹ̀ ẹnubodè. Láti Ìlaròó dé Aiyétòrò, láti Ìmẹ̀kọ dé Ìdírókò, oko ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa fi ń jẹun, ọjà ni àwọn ìyókù sì gbójú lé. Ẹrù tí ó ti ilẹ̀ Benin wọlé a máa pàdé èyí tí ó ti Èkó àti Abẹ́òkúta wá. Lára ẹrù wọ̀nyí ni oògùn apakòkòrò àti oògùn apakoríko wà. Òmíràn wà nínú ìgò tí a kọ èdè Faransé sí lára. Òmíràn sì wà nínú ìgò omi lásán tí kò ní àkọlé kankan.

Nípa irú nǹkan báwọ̀nyí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn: “Ǹjẹ́ ó léwu?” Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò pé. Àwọn tí ó fi ẹ̀kọ́ nípa májèlé ṣe iṣẹ́ wọn a máa béèrè ohun mẹ́rin: Ewu wo ni? Ní ìwọ̀n wo? Ọ̀nà wo ni ó ń gbà wọ inú ara, fún ọjọ́ mélòó? Àti pé, ara ta ni ó ń wọ̀? A ó tọ ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù lè rí ohun tí ó kù fún un láti ṣe ní ilé rẹ̀.

I. Ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ nípa ẹ̀gẹ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú oúnjẹ wa. Ta ni nínú wa tí kò jẹ láfún, gàárì tàbí fùfú dàgbà? Síbẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe wọ́n ní májèlé nínú. Èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin wà nínú rẹ̀, ó sì pọ̀ nínú èèpo àti ewé rẹ̀. Nígbà tí a bá gé ẹ̀gẹ́ tàbí tí a bá rin ín, omi ara rẹ̀ a dàpọ̀, linamarin a fọ́, sáyánáìdì a sì jáde. Sáyánáìdì yìí kì í jẹ́ kí ara lè lo afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú. Ẹni tí ó bá jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò kú.

Báwo ni a ṣe ń jẹ ẹ̀gẹ́, tí a kò sì kú? Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa ni. Ẹni tí ń ṣe láfún a bó ẹ̀gẹ́, a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, a sá a sí oòrùn, kí ó tó lọ̀ ọ́. Ẹni tí ń ṣe gàárì a rin ín, a dì í sínú àpò, a gbé òkúta lé e, a sẹ́ ẹ, a sì yan án lórí iná. Rírẹ àti kíkan ń fọ́ linamarin. Omi tí a fún dànù ń gbé májèlé lọ. Ìyókù sì ń fò lọ nínú ooru, nítorí pé ooru ọ̀sán ilẹ̀ wa nìkan tó láti sọ sáyánáìdì di afẹ́fẹ́.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí tí ó ní òṣùwọ̀n sáyánáìdì lọ́wọ́. Lóde òní, Codex, àjọ tí FAO àti WHO dá sílẹ̀ láti máa fi ìlànà oúnjẹ lélẹ̀, sọ pé ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kílò kan, àti pé gàárì kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 2 lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò sọ pé kí ó má sí rárá. Ara wa ní agbára láti sọ sáyánáìdì díẹ̀ di èròjà mìíràn tí ń jẹ́ thiocyanate, kí a sì tọ̀ ọ́ dànù. Bí ó bá ju agbára ara lọ ni wàhálà dé.

Ní ọdún 1981, ọ̀dá mú ní ẹkùn Nampula ní ilẹ̀ Mozambique. Ebi kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn ní sùúrù fún ẹ̀gẹ́ kíkorò tí ó kù fún wọn. Wọn kò sì rí ẹja tàbí ẹ̀wà tí ì bá ran ara lọ́wọ́. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ, tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, tí ẹsẹ̀ wọn rọ, tí kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú ní àwọn ọdún 1960, láàárín àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kú tipiri, tí wọn kò lè rìn gbọọrọ, tí ojú àti etí wọn sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó rí i pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ jù, àti pé thiocyanate pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn olùwádìí mìíràn padà lọ sí Òsósà ní Ìjẹ̀bú, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde ní ọdún 2000 pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀; láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn bóyá sáyánáìdì nìkan ni ó fà á tàbí nǹkan mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí rí: a kì í mú afurasí kan kí a sì ti ìwé ẹjọ́ pa lọ́jọ́ kan náà.

Ọgbọ́n àwọn ìyá wa níye lórí púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Ìrírí ni ó kọ́ wọn, ìrírí a sì máa gba owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lára ènìyàn. Kí a tó mọ̀ pé ọjọ́ kan kò tó láti rẹ ẹ̀gẹ́, ẹnìkan ti ní láti jẹ èyí tí a rẹ fún ọjọ́ kan. Nígbà tí májèlé tuntun bá wọ ìlú, èyí tí àwọn baba wa kò bá gbé rí, ta ni yóò san owó ẹ̀kọ́ náà?

II. Èso èsérè

Kí a lè mọ bí àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti dá ènìyàn sí lọ́wọ́ owó ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a dé Kálábà. Ní ayé àtijọ́ níbẹ̀, bí a bá fura sí ẹnìkan pé ó jẹ́ àjẹ́, a fún un ní èso kan tí ń jẹ́ èsérè. Bí ó bá bì í, a dá a láre. Bí ó bá kú, a ní ó jẹ̀bi. Àwọn míṣọ́nnárì tí ó wà ní Kálábà fi èso náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Scotland. Ní ọdún 1855, Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh, jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò ṣe é ní nǹkan púpọ̀; ní ọjọ́ kejì ó fi kún un. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí, ara rẹ̀ sì rọ, débi pé omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fá irùngbọ̀n tán ni ó gbé mu kí ó lè bì. Ó yè, ṣùgbọ́n ìwọ̀n díẹ̀ sí i ni ì bá pa á.

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Thomas Fraser, gba ọ̀nà tí ó bọ́gbọ́n mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń fún ẹranko ní ìwọ̀n tí ó kéré àti èyí tí ó pọ̀, ó sì ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ní 1864, àwọn ará Jámánì méjì, Jobst àti Hesse, yọ èròjà tí ó lágbára nínú èso náà sọ́tọ̀, wọ́n sì pè é ní physostigmine. Ní 1877, dókítà ojú kan tí ń jẹ́ Laqueur bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún àìsàn ojú tí ń ti inú ríru omi ojú wá, èyí tí ó ti sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ di afọ́jú. Èso kan náà tí ó pa ènìyàn nínú ìdájọ́ ní Kálábà ni ó ń la ojú fún ẹlòmíràn. Èso náà kò yí padà. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Paracelsus ti kọ irú ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Yúróòpù ní 1538, pé kò sí ohun tí kò ní májèlé nínú, ìwọ̀n nìkan ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn àgbà tiwa náà sọ pé àṣejù, baba àṣetẹ́.

III. Ìbéèrè mẹ́rin

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a mú kẹ́míkà kan tí gbogbo wa mọ̀, kí a sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Orúkọ rẹ̀ ni dichlorvos. Òun ni ó wà nínú ìgò tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Sniper, ó sì wà nínú púpọ̀ nínú ohun tí àwọn akiri ọjà ń tà ní òtapiapia.

Ní ti èkínní: ewu wo ni? Nígbà tí iṣan wa bá fẹ́ rán ẹran ara níṣẹ́, ó tú èròjà kan jáde bí ẹni ránṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá ti jẹ́ tán, èròjà mìíràn a gbá ìránṣẹ́ náà kúrò kí ẹran ara lè sinmi. Dichlorvos a máa de agbálẹ̀ yìí lọ́wọ́ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ kò wá dáwọ́ dúró mọ́: itọ́ ń dà, òógùn ń bọ́, omi ojú ń ṣàn, ẹyinjú ń sún kì, ẹran ara ń gbọ̀n, mímí ń le, bí kò bá sì sí ìrànlọ́wọ́, ikú dé. Ibi kan náà ni èso èsérè ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a fi ń dá àjẹ́ lẹ́jọ́ ní Kálábà àti ohun tí a fi ń lé aáyán ní Aiyétòrò, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ń gbà wọ inú ara. WHO fi dichlorvos sí ìpele Ib, èyíinì ni ti àwọn tí ó léwu gidigidi.

Ní ti èkejì: ní ìwọ̀n wo? Àwọn olùwádìí a pín eku sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan kò gba nǹkan kan. Àwọn ìyókù ń gba díẹ̀, díẹ̀ sí i, àti púpọ̀. Ní 1927, Trevan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lábàá pé kí a máa wá ìwọ̀n tí ó pa ìdajì àwọn ẹranko, kí a lè fi májèlé kan wé òmíràn. Iyọ̀ ọbẹ̀ pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀: ó ń lọ bíi mílígíráàmù 3,000 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí eku bá wọ̀n. Ti dichlorvos jẹ́ 56. Èyí ni pé ó ju ìlọ́po àádọ́ta lọ tí ó fi lágbára ju iyọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ó pa ni kò kàn wá jù. Èyí tí a ń wá ni ìwọ̀n tí ó tóbi jù lọ tí a kò rí ìpalára kankan lára ẹranko, bí ó tilẹ̀ ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ní 1954, Lehman àti Fitzhugh ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí a pín ìwọ̀n yìí sí ọ̀nà 100 kí a tó fi lé ènìyàn lọ́wọ́: mẹ́wàá nítorí pé ènìyàn kì í ṣe eku, mẹ́wàá sí i nítorí pé ara ènìyàn kò dọ́gba. Bí a bá ní ìwádìí tí a ṣe lára ènìyàn fúnra rẹ̀, mẹ́wàá kan lè tó.

Ní ti ẹ̀kẹta: ọ̀nà wo ni, fún ọjọ́ mélòó sì ni? A máa ń rò pé ẹnu nìkan ni májèlé ń gbà wọlé. Dichlorvos a máa gba imú wọlé, nítorí pé ó ń fò sínú afẹ́fẹ́; a sì máa gba awọ ara wọlé, pàápàá bí ó bá dà sí aṣọ tí a kò bọ́. Ní ti ọjọ́, ẹ rántí pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ohun tí kò lè dá wa dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan lè ba ara jẹ́ bí ó bá ń wọlé lójoojúmọ́.

Ní ti ẹ̀kẹrin: ara ta ni? Ife kan tí àgbàlagbà àti ọmọ ọdún mẹ́ta jọ mu kì í ṣe ìwọ̀n kan náà, nítorí pé ọmọ kéré. Ọmọdé a máa mí, a sì máa jẹun ju àgbàlagbà lọ bí a bá fi wé bí ara rẹ̀ ti wọ̀n. Orí ilẹ̀ tí a fọ́n oògùn sí ni ó ń rá kòrò, ọwọ́ tí ó fi kan ilẹ̀ ni ó sì ń ki bọ ẹnu. Ẹni tí ó bá fi ara tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún ọmọ rẹ̀ ti ṣìrò.

IV. Ẹ̀wà inú àpò

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí wo ẹ̀wà. Gbogbo wa mọ bí kòkòrò ti ń lu ẹ̀wà títí yóò fi di ìyẹ̀fun. Obìnrin tí ó yá owó ra àpò ẹ̀wà mẹ́wàá kò lè jókòó kí ó máa wo bí owó olówó ti ń di ihò. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń da dichlorvos sí ẹ̀wà, ohun tí a kò ṣe é fún. A kò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìkà. Ohun tí a ń sọ ni pé kò ní òṣùwọ̀n, àwọn tí ó rà á jẹ kò sì ní.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, wọ́n sì sún òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà wa jẹ́ láti mílígíráàmù 0.03 títí dé 4.6 dichlorvos nínú kílò kan, bẹ́ẹ̀ òfin wọn kò gbà ju 0.01 lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú pé wọ́n fi ojú di wa. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbínú sílẹ̀ kí a ṣírò.

Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ FAO àti WHO lórí oògùn oko tí ó ṣẹ́kù nínú oúnjẹ sọ pé ohun tí ènìyàn lè jẹ lójoojúmọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láìsí ìpalára ni mílígíráàmù 0.004 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ̀n. Ọmọ tí ó wọ̀n kílò 15 ní ẹ̀tọ́ sí 0.06 lójúmọ́. Bí ó bá jẹ ẹ̀wà tí ó wọ̀n gíráàmù 100 kí a tó sè é, tí ó jẹ́ láti inú èyí tí ó ní 0.03, ohun tí ó wọ inú rẹ̀ kò ju 0.003 lọ: ìdá kan nínú ogún ohun tí a gbà fún un. Ọkàn wa balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀wà náà bá jẹ́ èyí tí ó ní 4.6, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 0.46, èyí tí ó ju ìlọ́po méje ohun tí a gbà fún un lọ. Kò ní pa á ní ọjọ́ náà. Ìgbìmọ̀ kan náà sọ pé ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ara lè fara dà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, 0.1 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Àti pé ooru iná àti omi sísè ń dín dichlorvos kù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wọn èyí tí ó kù nínú ìkòkò tirẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti dunni. Ẹ̀wà méjèèjì yìí jọ ara wọn lórí àtẹ. Àwọ̀ wọn kan náà ni, iye owó wọn kan náà ni, adùn wọn nínú àkàrà kan náà ni. Ọ̀kan dára fún ọmọ, èkejì kò dára, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Òṣùwọ̀n nìkan ni ó lè yà wọ́n. Nítorí èyí ni a ṣe ń sọ pé ìwádìí májèlé kì í ṣe eré àwọn ọlọ́wọ̀n ìwé. Òun ni ojú tí a fi ń rí ohun tí ojú kò rí.

V. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lódì kejì

Àwa tí a wà lẹ́nubodè ní ẹ̀kọ́ kan láti kọ́ lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Ní ẹkùn Borgou ní àríwá ilẹ̀ Benin, òwú ni wọ́n ń gbìn. Ní àsìkò òwú 1999 sí 2000, a kó oògùn apakòkòrò kan wọlé fún àwọn àgbẹ̀, tí ń jẹ́ endosulfan, tí ó lágbára ju èyí tí ó ti mọ́ wọn lára lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìkà ìjọba, ó kéré tán ènìyàn 37 ni ó kú ní àsìkò kan yẹn. Ní oṣù kẹjọ 1999, ní agbègbè Banikoara, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta lọ ro oko òwú tí a fín ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ebi pa wọ́n, wọ́n jẹ àgbàdo tí ó wà láàárín òwú náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí bì. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún méjìlá, kú.

Kò sí ìkà nínú ìtàn yìí. Baba fín oko rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Àwọn ọmọ jẹ àgbàdo gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti ń jẹ. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìmọ̀ iye ọjọ́ tí ó yẹ kí oko fi sinmi kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí Ìwé Àdéhùn Stockholm fi endosulfan sínú àwọn kẹ́míkà tí ayé yóò yọ ọwọ́ nínú wọn. Ní ilẹ̀ wa, àjọ NAFDAC pàṣẹ ní 2019 kí a dáwọ́ títa dichlorvos inú ìgò kékeré dúró, wọ́n sì kéde pé apakoríko tí ń jẹ́ paraquat kò gbọdọ̀ sí lọ́jà mọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2024. Òfin wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ìlárá mọ̀ pé ilé lè wà ní ìhín, kí oko wà ní ọ̀hún. Òfin a máa dúró ní ẹnubodè. Ìgò kò mọ ẹnubodè.

VI. Àtakò méjì

Àwọn kan yóò wí pé: “A ti ń lò ó láti ọdún yìí wá, kò ṣe wá ní nǹkan.” A bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ èsérè ni èyí. Ẹni tí ó yè ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò yè kò sí níhìn-ín láti jẹ́rìí. Àti pé púpọ̀ nínú ìpalára kẹ́míkà kì í ké gbàjarè. Orí fífọ́, àárẹ̀, ọwọ́ gbígbọ̀n, ojú tí ń ṣú: ibà ni a ó pè é, a ó sì ra oògùn ibà.

Àwọn mìíràn yóò wí pé: “Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ májèlé, kí a má lo nǹkan kan mọ́.” Èyí náà kò tọ̀nà. Àgbẹ̀ tí kòkòrò jẹ oko rẹ̀ tán kò ní rí oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀, ebi náà sì ń pa ènìyàn. Àwọn onímọ̀ pàápàá kò mọ ohun gbogbo: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń wọn kẹ́míkà, bẹ́ẹ̀ àwa ń jẹ púpọ̀ papọ̀ nínú àwo kan. Nítorí náà ni a ṣe ń pín ìwọ̀n sí ọ̀nà 100, kí àṣìṣe wa lè ní àyè láti ṣubú sí láìpa ẹnikẹ́ni.

VII. Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Èkínní, ẹ má ṣe ra oògùn oko tí kò ní àkọlé. Ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ kò lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí èdè àkọlé bá ṣòro, ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó lè kà á. Ní Aiyétòrò níbí ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ wà, ní Ìlaròó sì ni Pólítẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Èkejì, ẹ má ṣe da dichlorvos sí ẹ̀wà tàbí sí oúnjẹ kankan. Ẹ sá ẹ̀wà gbẹ dáadáa, kí ẹ sì dì í sínú àpò alápò mẹ́ta tí ń jẹ́ PICS, ọ̀rá méjì nínú àpò híhun kan. Bí ẹ bá di ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ tán, yóò sì kú fúnra rẹ̀ láìsí oògùn kan. Ẹni tí kò bá rí PICS lè lo kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ó kún dé ẹnu, tí ìdérí rẹ̀ kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe yọ oògùn sínú ìgò omi tàbí ìgò ọtí dídùn; ẹ má sì fi ìgò oògùn bu omi tàbí epo, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ń fín oko kí ó bo ara, kí ó má dojú kọ afẹ́fẹ́, kí ó bọ́ aṣọ kí ó sì wẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ. Iye ọjọ́ tí àkọlé bá ní kí oko fi sinmi, kí ó pa á mọ́, kí ó sì sọ fún gbogbo ará ilé.

Ẹ̀karùn-ún, bí májèlé bá mú ènìyàn, ẹ gbé e bọ́ sí ìta gbangba, ẹ bọ́ aṣọ tí ó dà sí, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe fi epo pupa àti fífi ìka mú un bì jẹ́ kí àkókò kọjá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí ẹ sì mú ìgò náà dání, nítorí pé oògùn tí ń gbógun ti dichlorvos wà lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n ó ní láti mọ ohun tí ó ń bá jà.

Ẹ̀yin ará, àwọn ìyá wa fi ìran púpọ̀ kọ́ bí a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, a sì ń jẹ èrè rẹ̀ títí di òní. Májèlé tòní kò fún wa ní ìran púpọ̀. Ó dé lánàá, ó sì ti wà nínú àwo ọmọ wa. Àwọn kan ti fi eku, ọ̀pọ̀ ọdún àti ìwé ìṣirò ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ ara ọmọ wa ni a ó fi wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ gbé ìgò tí ó wà níbẹ̀, ẹ ka ohun tí ó wà lára rẹ̀. Bí kò bá ní nǹkan lára, ẹ má ṣe lò ó mọ́, ẹ gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.